Àmì Orí Kù

Ajé, 1 Nòfẹ́ńbà, 2010

Àwòdì tún ti gbé e. Ìròyìn búrẹ́dì tí mo fi ẹsẹ̀ ara mi rìn káàkiri Agége fún, láti ilé búrẹ́dì kan dé òmíràn, tí ìyẹ̀fun fi bò mí lórí bí ìyá arúgbó — ó ti wà lójú ewé rẹ̀ lórí Fésíbúùkù kí n tó fọ ẹnu láàárọ̀. Kò dárúkọ mi. Kò dárúkọ Ohùn Agége, bùlọ́ọ̀gù mi. Èyí tó dùn mí jù: ó ti ṣí gbogbo àmì orí ọ̀rọ̀ kúrò, ó fi wọ́n sílẹ̀ ní ìhòòhò. N kò mọ ẹni tí í ṣe. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Àwòdì, nítorí ọmọ adìyẹ ẹlòmíì ló máa ń gbé.

Àwọn tó ti tẹ "Like" fún un lé ní igba. Lọ́dọ̀ tèmi, ènìyàn mọ́kànlá ló wọlé. Mẹ́ta nínú mọ́kànlá yẹn, èmi náà ni.

Ṣínà àbúrò mi rẹ́rìn-ín títí. Fóònù ló ń tà ní Kọ̀ǹpútà Fílééjì n'Ìkẹjà, nítorí náà ó gbà pé òun lòun mọ ayé. Ó ní, "Àǹtí mi, àwọn èèyàn ò lọ sílé ìròyìn mọ́ o. Ìròyìn ló ń wá bá wọn nílé." Mo ní kó jẹ́ kí n gbọ́ràn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ṣì ń ta mí lára bí mo ti ń kọ èyí.

Ìṣẹ́gun, 2 Nòfẹ́ńbà

Kò síná. Módẹ́mù mi — Ìgbín ni mo ń pè é — kò tilẹ̀ yọ ìwo lónìí.

Ọjọ́bọ̀, 4 Nòfẹ́ńbà

Mo lọ sí Àgídìngbì, sí ilé-iṣẹ́ bísíkíìtì Adùnjẹ. Òórùn dídùn tí gbogbo àdúgbò fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́, kò sí mọ́. Láti èṣí ni wọ́n ti ń dá àwọn òṣìṣẹ́ dúró díẹ̀díẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní kí gbogbo ìyókù máa lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ní ó dínwó kí àwọn máa kó bísíkíìtì wọlé láti òkèèrè. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n fi sílẹ̀: Bàbá Nùréènì, ará Ògbómọ̀ṣọ́, tí yóò máa ṣọ́ àwọn ẹ̀rọ títí wọn yóò fi rí ẹni rà wọ́n.

Mo bá a lórí páálí òfìfo, ó ń gbọ́ rédíò. Odindi ilé-iṣẹ́, òun nìkan. Ó mú mi yí gbogbo rẹ̀ ká bí ẹni ń fi ilé bàbá rẹ̀ han àlejò. Ẹ̀yìn ibẹ̀ náà ló ń gbé, nínú yàrá kan tí ilé-iṣẹ́ fún un, òun àti Ameenat ọmọ rẹ̀ tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tó bu omi fún mi mu. Sùlíyá ìyàwó rẹ̀ wà nílé l'Ógbómọ̀ṣọ́. Ó ní iṣẹ́ ṣíṣọ́ yìí kì í ṣe nǹkan bàbàrà, àmọ́ òun ló di yàrá yẹn mú, Ameenat yóò sì ṣe ìdánwò àṣekágbá ní oṣù kẹfà. "Kí n ṣáà ti wà níbí títí dìgbà yẹn, ọmọọ̀ mi. Mi ò bèèrè ju ìyẹn lọ."

Mo ní mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní àwọn tó pariwo ni wọ́n kọ́kọ́ lé. Torí pé òun ò pariwo lòun ṣe wà níbẹ̀. Ó rò ó díẹ̀, ó wá bi mí bóyá àwọn èèyàn ń ka ohun tí mò ń kọ. Ojú tì mí. Mo ní kò pọ̀. Ó ní, kò pọ̀ bí i mélòó? Mo sọ fún un. Bàbá rẹ́rìn-ín, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pátápátá. Ó ní, "Ó dáa, kọ ọ́."

Mo fi ìtìjú yẹn wá sílé. Inú ń bí mi sí i, n kò sì lè sọ pé irọ́ ló pa.

Ẹtì, 5 Nòfẹ́ńbà

Mo kọ ọ́ láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Mo rò pé òun ló dára jù nínú gbogbo ohun tí mo ti kọ. Rédíò rẹ̀. Aṣọ iṣẹ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ṣì wà lórí ìṣó lára ògiri. Bó ṣe ń gbá ilẹ̀ ibẹ̀ láràárọ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lánàá.

Àkọlé: BÀBÁ NÙRÉÈNÌ NÌKAN LÓ KÙ.

Bọ́tìnnì mẹ́ta ni mo ń tẹ̀ fún àmì kọ̀ọ̀kan. Ní ilé ìwé ìròyìn tí mo ti ń ṣe àtúnyẹ̀wò kó tó di pé wọ́n ti ilẹ̀kùn pa, Ìyá Alámì ni wọ́n ń pè mí. Wọ́n fi ń bú mi ni. Mo gbà á ní oyè.

Àbámẹ́ta, 6 Nòfẹ́ńbà

Mo gbé e jáde láàárọ̀. Di ọ̀sán: ènìyàn mẹ́sàn-án. Mo fẹ́ fi Ìgbín lu ògiri.

Ṣínà wá jẹ ẹ̀wà. Ó wo ojú mi, ó yọ Bláàkíbẹ́rì rẹ̀. Ó ní òun á fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó wà lórí píngì òun, àwọn náà á fi ránṣẹ́ sí tiwọn, kí n kàn máa wòran. Ó fi bó ṣe rí lórí fóònù náà hàn mí. Àpótí kéékèèké ló kún orí àkọlé mi, ibi gbogbo tí àmì bá wà, àpótí. Ó ní òun máa tún un tẹ̀ láìsí àmì. Mo ní bóyá lẹ́yìn tí wọ́n bá sin mí.

A jà sí i. Ó ní, "Àǹtí mi, ta ló ń wo àmì? Ṣebí Yorùbá ni gbogbo wa. A máa mọ̀ ọ́n kà." Mo ní Yorùbá tí kò lámì, ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ ni. Ó ní ebi ló ń pa àwọn èèyàn, wọn ò bèèrè iyọ̀. Ó rẹ̀ mí. Mo ro ti ènìyàn mẹ́sàn-án. Mo ní, "Ṣe bó o ti fẹ́."

Ó fi ọwọ́ kan mú ṣíbí, ó fi èkejì tẹ̀ ẹ́: Baba Nureeni nikan lo ku. Ó fi àdírẹ́ẹ̀sì bùlọ́ọ̀gù sí i nísàlẹ̀. Ó fi hàn mí. Mo kà á bí mo ṣe kọ ọ́. Mo ní ó dáa.

Àìkú, 7 Nòfẹ́ńbà

Àìkú. Kí Ọlọ́run má bínú, orúkọ ọjọ́ yìí ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Fóònù ń gbọ̀n nínú báàgì mi ní gbogbo àsìkò ìwàásù. Mo yọjú sí i lẹ́yìn àdúrà ìdágbére: ó lé ní ẹgbàajì ènìyàn tó ti wọ Ohùn Agége. Mo yọ̀. Mo fẹ́ kọ ọ́ síbí pé mo yọ̀, mo jó díẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, kí n tó ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀.

"Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere." "Ìnà lílláhì." "Irú ìjàǹbá wo nìyí?" "Kí ló dé tó fi jẹ́ pé bàbá yẹn nìkan ni?"

Àpótí ló bo àmì mi lójú fóònù wọn, wọn ò sì ka ìlà kan lábẹ́ àkọlé. Ìlà kan ṣoṣo! Wọ́n rí àkọlé, wọ́n sunkún, wọ́n fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì. Àwòdì ní tirẹ̀ ti lọ wá àwòrán iná ńlá kan, n kò mọ ìlú tí iná náà ti jó, torí ọ̀rọ̀ tó wà lára ọkọ̀ panápaná kò jọ èdè tí mo mọ̀. Ó kọ ọ́ sókè: IJAMBA INA NI AGIDINGBI, BABA NUREENI NIKAN LO KU.

Dò ni mo fi sí i, kù. Mí ni wọ́n kà, kú.

Mo pe Ṣínà. Kí n tó sọ̀rọ̀, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ rí i? Ó ti tàn káàkiri!" Inú rẹ̀ dùn gan-an. Ó gbà á ní ìṣẹ́jú bíi mélòó kan kó tó yé e. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ̀wà yẹn náà ni mò ń jẹ, mi ò ronú." Mo gé fóònù mọ́ ọn lẹ́nu.

Mo pe Bàbá. Kò wọlé. Mo pè é, mo pè é.

Ajé, 8 Nòfẹ́ńbà

Jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe rí.

Ọ̀kadà gbé mi dé Àgídìngbì láàárọ̀. Ọkọ̀ bọ́ọ̀sì kan láti Ògbómọ̀ṣọ́ ti wà lẹ́nu géètì. Sùlíyá, àwọn àbúrò Bàbá, ààfáà kan, aṣọ funfun nínú ọ̀rá, tí wọ́n fẹ́ fi sin ín. Àwọn Mùsùlùmí kì í fi òkú jáfara. Gbogbo òru ni wọ́n fi rìn. Wọ́n ti ń pe fóònù Bàbá láti àná, kò lọ, torí kò síná nínú ilé-iṣẹ́, onígbàjámọ̀ tó ń bá a gba iná sí i kò ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Àìkú, Ameenat kò sì ní tirẹ̀. Fóònù rẹ̀ nìkan ló kú.

Sùlíyá ń ké. Bàbá Nùréènì gbọ́ ẹkún látinú ilé níbi tó ti ń jẹ ẹ̀kọ. Ó rò pé nǹkan ti ṣe aládùúgbò kan. Ó ṣí géètì, ẹ̀kọ lọ́wọ́, ó ń bèèrè pé, "Ta ló kú?"

Sùlíyá sá. Ààfáà náà sá, kí n má parọ́ mọ́ ọn, ó sá díẹ̀. Ìgbà tí obìnrin náà padà, ó fọwọ́ kan ojú ọkọ rẹ̀, ó fọwọ́ kan àyà rẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú. Ó ń lù ú, ó ń sunkún, ó ń ní, "O ò gbé fóònù! O ò gbé fóònù!" Mo rẹ́rìn-ín. Mo sunkún. Ameenat rí mi láàárín èrò, ó mọ̀ mí, kò kí mi.

Èrò ti kún. Àwọn ọlọ́kadà, àwọn tó fẹ́ fi fóònù ya òkú, tí inú ń bí wọn pé kò sí òkú. Ìgbà náà ni Ọ̀gá Olúgbénró dé, òun ló ń mójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní Adùnjẹ. Ọlọ́pàá méjì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó bèèrè ẹni tó kọ ọ́. Mo ní èmi ni. Kò tilẹ̀ wò mí. Bàbá ló wò.

Bàbá dọ̀bálẹ̀. Àyà nílẹ̀ gbalaja, níwájú ẹni tó lè bí. Ẹ̀kọ náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 9 Nòfẹ́ńbà

Mo kọ àtúnṣe: BÀBÁ NÙRÉÈNÌ KÒ KÚ. Mo fi odindi ojú ewé kan ṣàlàyé ìyàtọ̀ tó wà láàárín kù àti kú. Mo bẹ gbogbo ẹni tó fi ti àkọ́kọ́ ránṣẹ́ pé kí wọ́n fi èyí náà ránṣẹ́.

Ènìyàn mẹ́fà.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ẹni tó pa òwe yẹn kò ní Bláàkíbẹ́rì.

Ọjọ́rú, 10 Nòfẹ́ńbà

Ẹnì kan kọ sábẹ́ àtúnṣe mi: "Ẹ̀ ń bò ó mọ́lẹ̀. Èló ni ilé-iṣẹ́ fún yín?"

Ọjọ́bọ̀, 11 Nòfẹ́ńbà

Mo lọ bẹ Olúgbénró lọ́fíìsì. Ó jẹ́ kí n jókòó pẹ́ kó tó pè mí wọlé. Kò pariwo mọ́ mi. Ì bá sàn kó pariwo. Ó ní, "Madam, mo mọ̀ pé kò kú. Èmi náà rí i. Àmọ́ ọ̀gá wa pátápátá wà nílùú Òyìnbó, orí fóònù ló ti rí àwòrán iná, wọ́n sọ fún un pé factory rẹ̀ ló jóná. Ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀rọ ní òun ò ra ẹ̀rọ tó pààyàn." Mo ní kì í ṣe ẹ̀bi Bàbá. Ó ní òun ò sọ pé ẹ̀bi rẹ̀ ni. Ó ní, "Ẹ ṣáà jẹ́ kí ariwo yìí rọlẹ̀. Bí Bàbá bá fi máa dé láti Iléyá l'Ógbómọ̀ṣọ́ tí ariwo ti rọlẹ̀, kò sí wàhálà."

Ariwo. Èmi tí n kò rí ẹni gbọ́ ohùn mi láti ọjọ́ tí mo ti bẹ̀rẹ̀, èmi ni wọ́n ní kí n pa ariwo rẹ́. Báwo ni wọ́n ṣe ń pa ariwo tí ó wà lápò gbogbo ayé?

Ṣínà ní ọ̀nà kan ló wà. Kí òtítọ́ náà gba ọ̀nà tí irọ́ gbà.

Àbámẹ́ta, 13 Nòfẹ́ńbà

Ó ti ṣẹlẹ̀. Èmi Tinúọlá, Ìyá Alámì, mo wà lórí Fésíbúùkù.

Ṣùgbọ́n mo gbọ́n lọ́tẹ̀ yìí. Mo fi ọwọ́ kọ ọ́ gàdàgbà sórí páálí bísíkíìtì, gbogbo àmì lórí rẹ̀, BÀBÁ NÙRÉÈNÌ KÒ KÚ. A gbé e fún Bàbá, ó dúró lẹ́nu géètì, rédíò lábẹ́ abíyá, páálí láyà, ó rẹ́rìn-ín. Ṣínà yà á. Fóònù tó bá lè ṣí àmì kúrò lára àwòrán, kó máa bọ̀! Bàbá ní ṣé kò ní di wàhálà. Mo ní wàhálà náà la fẹ́ parí.

Ó fò. Kò tíì dìrọ̀lẹ́ tí ó ti lé ní ẹgbàá, àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń pè é ní òkú tó ń gbọ́ rédíò. Àwòdì náà gbé e — ó tún un tẹ̀ sórí àwòrán, láìlámì, bí ìṣe rẹ̀: BABA NUREENI KO KU. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí mo súre fún olè.

Inú mi dùn. Mo ń tún un wò ṣáá, iye tó ti tẹ̀ ẹ́. N kò ṣí Ohùn Agége lónìí rárá.

Ìṣẹ́gun, 16 Nòfẹ́ńbà

Iléyá. Bàbá pè mí láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan rí òun ní yídì, ó fi bàtà sílẹ̀ sá lọ. Ó ní Àjíǹde ni gbogbo àdúgbò ń pe òun báyìí. Mo gbọ́ ẹ̀rín Sùlíyá lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá ní òun ń padà bọ̀ lọ́jọ́ Ajé, pé Ameenat ń kí mi. Mo mọ̀ pé Ameenat kò kí mi. Mo gbà á bẹ́ẹ̀.

Ilé kejì gbé ẹran wá, èmi àti Ṣínà jẹ ẹ́ tán. Ara mi rọ̀ díẹ̀.

Ẹtì, 19 Nòfẹ́ńbà

Àwòdì ní kí n jẹ́ kí àwa méjèèjì di ọ̀rẹ́ lórí Fésíbúùkù. Mo gbà.

Ajé, 22 Nòfẹ́ńbà

Bàbá kan ilẹ̀kùn mi lọ́sàn-án. Mo rò pé ẹran Iléyá ló gbé wá. Ameenat wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú páálí bísíkíìtì mẹ́ta lórí ara wọn. Ẹrù wọn ni.

Àgádágodo tuntun ni wọ́n bá lára géètì. Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ ilé-iṣẹ́ àwọn ẹ̀ṣọ́, tí wọn kò rí rí, ti kó gbogbo ohun tó wà nínú yàrá síta, ó tò wọ́n dáadáa, àwọn ìwé Ameenat lórí pátápátá. Ó fún Bàbá ní ìwé pé kó máa lọ. Kì í ṣe tìtorí iná tí kò jó. Kì í ṣe tìtorí òkú tí kò kú. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó gbé páálí dání lẹ́nu ọ̀nà ilé-iṣẹ́, ó sì jẹ́ kí wọ́n ya òun kiri ayé. Olúgbénró sọ fún un lórí fóònù pé ọ̀gá pátápátá rí àwòrán náà, kò gbọ́ Yorùbá, ó bèèrè irú ìwọ́de tí ìyẹn jẹ́.

Páálí mi. Èmi ni mo kọ ọ́. Èmi ni mo gbé e sí i láyà.

Mo kúnlẹ̀. Bàbá ní kí n dìde, pé ilẹ̀ tutù. Kò bú mi. Ó bèèrè omi, ó mu ún. Ó ní òun ń padà sílé, àmọ́ kí Ameenat bá mi gbé títí ìdánwò rẹ̀ yóò fi parí, bí kò bá ni mí lára. Mo ní kò ni mí lára. Ameenat wo ògiri. Oṣù kẹfà jìnnà, èmi àti ẹni tí kò fẹ́ rí mi, nínú yàrá kan.

Lẹ́yìn náà Bàbá ní kí n fi ohun tí mo kọ lẹ́ẹ̀kejì yẹn han òun, pé òun ò rí i dáadáa rí. Mo ṣí fóònù. Èmi ì bá fi tèmi gan-an hàn án, àwòrán tó lámì. Ti Àwòdì ló kọ́kọ́ jáde, torí òun ni gbogbo ayé ń fi ránṣẹ́. Bàbá gbé fóònù jìnnà sójú, ó kà á díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń ka ìwé ilé kéú.

"Bàbá Nùréènì... kò kù."

Dò ló fi parí rẹ̀. Ó mi orí. Ó ní, "Òótọ́ lo kọ, ọmọọ̀ mi." Ó dá fóònù padà fún mi, ó lọ wo ibi tí ọmọ rẹ̀ yóò máa sùn.

Mo ti kọ gbólóhùn náà síbí láìlámì, bó ṣe kà á: Baba Nureeni ko ku. Bírò ń bẹ lọ́wọ́ mi, mo fẹ́ fi àmì sí i. Gbogbo ìgbà tí mo fi ń ṣàtúnyẹ̀wò, àmì kan ṣoṣo ló máa ń tọ̀nà. Lónìí méjèèjì ló tọ̀nà.